Áńtẹ́nà kékeré fún rédíò àfìfẹ́ṣe nínú ilé ìlú: àpẹẹrẹ Vittin, ní Tamale

Áńtẹ́nà kékeré fún rédíò àfìfẹ́ṣe ni áńtẹ́nà tí a ṣe ní ìwọ̀n tí àgbàlá, òrùlé tàbí bákónì ilé ìlú lè gbà, tí ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibi jíjìnnà sọ̀rọ̀ lórí ìgbì rédíò láìgba owó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ilé fara kan ilé, páànù irin bo òrùlé, wáyà iná mànàmáná sì ń gba ojú títì kọjá. Nítorí náà, kì í ṣe owó ẹ̀rọ nìkan ni ó máa ń dí oníṣẹ́ tuntun lọ́wọ́. Àìsí àyè náà wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí fi Vittin, àdúgbò kan nínú ìlú Tamale ní Àríwá Gánà, ṣe àpẹẹrẹ bí a ṣe lè yanjú ìṣòro náà, ohun tí a ń pàdánù bí áńtẹ́nà bá kéré, àti ewu tí a kò gbọdọ̀ fojú kéré.

Rédíò àfìfẹ́ṣe àti òfin rẹ̀

Rédíò àfìfẹ́ṣe jẹ́ iṣẹ́ tí òfin àgbáyé mọ̀. Àjọ ITU, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1865 tí ó sì ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, ṣàpèjúwe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́, ìbánisọ̀rọ̀ àti ìwádìí tí àwọn tí ó nífẹ̀ẹ́ sí rédíò ń ṣe fún ara wọn, láìwá èrè owó nínú rẹ̀. Nítorí náà, oníṣòwò kò gbọdọ̀ fi í béèrè iye owó ọjà. A kò sì gbọdọ̀ fi àrokò bo ọ̀rọ̀ tí a ń sọ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ yìí, IARU, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Paris ní ọdún 1925.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ilé-iṣẹ́ rédíò. Ti Gánà ni 9G, ti Nàìjíríà ni 5N, ti Bẹ̀nẹ̀ ni TY, ti Tógò sì ni 5V. Kí Gánà tó gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957, ZD4 ni àwọn oníṣẹ́ tí ó wà ní Gold Coast ń lò. Lónìí, àjọ National Communications Authority, tí òfin 524 ti ọdún 1996 dá sílẹ̀ tí òfin 769 ti ọdún 2008 sì tún tò, ni ó ń fúnni ní ìwé-àṣẹ ní Gánà. Ghana Amateur Radio Society ni ẹgbẹ́ tí ó kó àwọn oníṣẹ́ náà jọ. Ní Nàìjíríà, Nigerian Communications Commission àti Nigerian Amateur Radio Society ni ó dúró ní ipò kan náà. Ẹnikẹ́ni lè fi rédíò gbọ́ ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnì láti fọhùn kí ìwé-àṣẹ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Vittin àti ipò rẹ̀

Tamale ni olú-ìlú Ẹkùn Àríwá Gánà, ilẹ̀ àwọn Dagomba tí ń sọ èdè Dagbani. Vittin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò rẹ̀. Lójú òfuurufú, láti Tamale dé Kumasi tó bí 310 kìlómítà, dé Accra tó bí 430, dé Èkó tó bí 560, dé Ògbómọ̀ṣọ́ sì tó bí 570. Àwọn ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì, nítorí jíjìnnà ibi tí a fẹ́ kí ohùn dé ni ó ń pinnu irú áńtẹ́nà tí ó yẹ.

Ọ̀nà láàárín Tamale àti ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti ìlú mìíràn tẹ̀dó sí Àríwá Gánà. Wọ́n ń tajà ní àwọn ọjà ibẹ̀ títí di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ilé ni àṣẹ náà pín sí méjì.

Lónìí, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ó so irú ìlú bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n okùn wọn lè já. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ òkun, àwọn tí a mọ̀ sí WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Gánà, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní ọdún 2007, ìkún-omi ńlá ba ilé àti oko jẹ́ káàkiri Àríwá Gánà. Rédíò tí ó ń lo bátìrì, tí kò gbára lé okùn tàbí òpó ilé-iṣẹ́ kankan, ṣì lè fọhùn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bí áńtẹ́nà rẹ̀ bá ti wà ní ipò kí wàhálà tó dé.

Ìdí tí gígùn wáyà fi ṣe pàtàkì

Ìgbì rédíò ń rin bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fíríkúẹ́nsì ni iye ìgbà tí ìgbì náà ń yí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. MHz kan dúró fún mílíọ̀nù kan ìgbà. Bí a bá pín 300 sí ọ̀nà iye MHz, a ó rí gígùn ìgbì ní mítà. Ní 7.1 MHz, ìgbì kan gùn tó bí 42 mítà, ní 14.2 MHz, bí 21, ní 28.4 MHz, bí 10 àti ààbọ̀.

Áńtẹ́nà tí ó rọrùn jù ni wáyà tí ó gùn tó ìdajì ìgbì, tí a gé ní àárín kí okùn tí ó ti inú rédíò wá lè so mọ́ ọn. Orúkọ rẹ̀ ni dipole. Lójú iṣẹ́, a máa ń pín 143 sí ọ̀nà iye MHz láti mọ gígùn rẹ̀. Fún 28.4 MHz, mítà 5 péré ni. Fún 14.2, mítà 10 ni, ó sì lè gba àgbàlá kékeré. Ṣùgbọ́n fún 7.1, ó gùn ju mítà 20 lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń le fún ará ìlú.

A lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi máa lo 28 MHz nìkan. Ìdáhùn náà wà lójú ọ̀run. Ní òkè, láti bí 60 kìlómítà lọ, oòrùn ń tú àwọn átọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́ palẹ̀, ó sì ń dá ìpele kan sílẹ̀ tí a ń pè ní ionosphere. Ìpele yìí ni ó ń dá ìgbì rédíò padà sí ilẹ̀. Ìgbì 28 MHz máa ń la ìpele náà kọjá bí ó bá gòkè ní òòró. Ìgbà tí ó bá dàgbere lọ sí ọ̀nà jíjìn nìkan ni ó ń padà, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí ibi tí ó ti kúrò. Agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ tàbí dínkù bí oòrùn ṣe ń yí ìṣesí padà ní bí ọdún 11 sí 11. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán, ìgbì 7 MHz tí ó gòkè sójú ọ̀run máa ń padà wá bo gbogbo àyíká tó bí 500 sí 600 kìlómítà. Nítorí náà, ẹni tí ó wà ní Vittin tí ó fẹ́ bá Accra, Kumasi tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án nílò 7 MHz. Ẹni tí ó ń wá Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ni 14, 21 àti 28 MHz wúlò fún jù.

Ẹ̀yà mẹ́ta tí ó bá àgbàlá ìlú mu

Èkíní ni dipole tí a tẹ̀. Agbára iná inú wáyà kò dọ́gba láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun: àárín ni iná ti ń ṣàn jù, àárín náà sì ni ìgbì ti ń jáde jù. Etí méjèèjì kò ní ìṣàn tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá tẹ etí wáyà sí ẹ̀gbẹ́, ohun tí a ń pàdánù kéré. Ẹ jẹ́ kí a mú àgbàlá kan tí ó fẹ̀ ní mítà 12, tí ó sì gùn ní mítà 20, tí wáyà iná ń kọjá níwájú rẹ̀. A gbé òpó mítà 7 sí àárín apá ẹ̀yìn, mítà 15 sí wáyà iná náà. Láti orí òpó, a fa apá wáyà kọ̀ọ̀kan lọ sí ọ̀pá tí ó ga ní mítà 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọ̀tún àti òsì. Èyí gba mítà 6.7 nínú mítà 10.07 tí apá kan yẹ kí ó jẹ́. Mítà 3.4 tí ó kù, a fà á síwájú lókè ògiri, dé ọ̀pá mìíràn tí ó ga bákan náà. Bí ó tilẹ̀ rẹlẹ̀, ìrẹlẹ̀ yìí kì í ṣe àléébù fún iṣẹ́ tí a fẹ́, nítorí dipole 7 MHz tí ó súnmọ́ ilẹ̀ máa ń ju ìgbì sójú ọ̀run, èyí tí ó bá ọ̀nà 300 sí 600 kìlómítà mu gan-an.

Èkejì ni áńtẹ́nà òòró, tí ó jẹ́ ìdá mẹ́rin ìgbì. Fún 28.4 MHz, páìpù alumíníọ̀mù mítà 2.5 tó, fún 14.2, mítà 5. Kò gba ilẹ̀ púpọ̀, ó sì ń ju ìgbì sí ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run, èyí tí ó dára fún ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ó nílò apá kejì tí iná yóò gbà padà: wáyà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a tẹ́ sílẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Òrùlé páànù lè ṣe iṣẹ́ yìí bí àwọn páànù náà bá so mọ́ra dáadáa. Bí ibi ìpàdé wọn bá ti dógùn-ún, òrùlé náà yóò di orísun ariwo, nítorí ìpàtà lè da ìgbì kan pọ̀ mọ́ òmíràn kí ó sì tú u jáde ní fíríkúẹ́nsì tí a kò fẹ́.

Ẹ̀kẹta ni òrùka, tí a ń pè ní magnetic loop. Páìpù bàbà kan ni a tẹ̀ bí òrùka, tí a sì fi kapásítọ̀ tí ó ṣeé yí so etí rẹ̀ méjèèjì. Ó lè dúró lórí bákónì. Ìṣirò fi agbára àti àléébù rẹ̀ hàn. Bí àyíká òrùka bá jẹ́ mítà 3, tí páìpù rẹ̀ sì nípọn ní mílímítà 22, ìdènà tí ó ń sọ agbára di ìgbì ní 14.2 MHz jẹ́ bí 0.08 óòmù, nígbà tí ìdènà bàbà tí ó ń sọ agbára di ooru jẹ́ bí 0.043. Nítorí náà, bí a kò bá ka àdánù kapásítọ̀, bí 65 nínú 100 agbára ni ó di ìgbì. Bí a bá lo òrùka kan náà ní 7.1 MHz, bí 14 péré nínú 100 ni yóò di ìgbì. Ìdí nìyí tí ìsopọ̀ tí kò mọ́, tàbí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, fi lè pa òrùka run: nígbà tí ohun tí a ń wá kò tó ìdá mẹ́wàá óòmù kan, ìdènà kékeré ti pọ̀ jù.

Òrùka tún ní ìwà méjì tí a gbọdọ̀ mọ̀. Àyè fíríkúẹ́nsì tí ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan kò ju bí kHz 17 lọ ní 14.2 MHz, nítorí náà a ó máa yí kapásítọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣípò díẹ̀. Bí a bá sì fi wáàtì 10 péré sí i, fóòtì tí ó wà lórí kapásítọ̀ ju 1,800 lọ. Pẹ̀lú wáàtì 100, ó lé ní 5,800. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án nígbà tí rédíò ń fọhùn, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Gbígbé áńtẹ́nà kalẹ̀

Wáyà iná mànàmáná ni ohun àkọ́kọ́ tí a óò wò, kì í ṣe àyè. NEDCo ni ó ń pín iná ní Àríwá Gánà, àwọn wáyà rẹ̀ sì sábà máa ń gba etí títì kọjá. Ìlànà tí ó bójú mu ni kí òpó jìnnà sí wáyà iná ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ gíga rẹ̀, kí ó má bàa fara kàn án bí ó bá ṣubú. Òpó mítà 7 yóò jìnnà ní mítà 10 àti ààbọ̀, ó kéré tán. Bí àgbàlá kò bá fún wa ní ìwọ̀n yìí, òpó ni a óò gé kúrú, tàbí kí a lo òrùka. A kì í gé ìwọ̀n ààbò kúrú. A kò sì gbọdọ̀ ju wáyà kọjá lórí wáyà iná rárá, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní onírúurú ilẹ̀ ti bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Okùn mẹ́ta tí ó fa òpó sí ọ̀nà mẹ́ta yóò mú un dúró nígbà tí atẹ́gùn tí ń ṣáájú òjò bá dé. Oòrùn Tamale a máa jẹ okùn ọ̀rá tí kò nípọn títí yóò fi já. Okùn poliẹ́sítà pẹ́ jù ú lọ. Wáyà bàbà oníhun tí ó nípọn ní mílímítà 1.5 sí 2 tó fún dipole. A máa ń gé apá kọ̀ọ̀kan ní bí sẹ̀ǹtímítà 30 ju ìṣirò lọ, nítorí ògiri, páànù àti awọ wáyà fúnra rẹ̀ ń yí fíríkúẹ́nsì padà. Lẹ́yìn náà ni a ó máa gé e díẹ̀díẹ̀. Ní 7 MHz, bí a bá gé bí sẹ̀ǹtímítà 14 kúrò ní apá kọ̀ọ̀kan, fíríkúẹ́nsì yóò gòkè ní bí 0.1 MHz.

Ìwọ̀n tí a ń pè ní SWR ni ó ń sọ iye agbára tí áńtẹ́nà dá padà. Nígbà tí ó bá jẹ́ 1.5, bí 4 nínú 100 ni ó padà. Nígbà tí ó bá jẹ́ 2, bí 11. Kò sí ìdí láti fi ọjọ́ mẹ́ta wá 1.0 nígbà tí 1.5 ti wà lọ́wọ́. Àdánù inú okùn ni ó yẹ kí a bójú tó jù: mítà 20 okùn RG-58 lè sọ bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára di ooru ní 14 MHz, nígbà tí RG-213 kò pàdánù ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Níbi tí okùn ti pàdé áńtẹ́nà, a ó yí i ní ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá mọ́ òrùka ferrite, kí iná má bàa sá gba òde okùn padà sínú ilé.

Ariwo àdúgbò

Ohun tí ó máa ń dun oníṣẹ́ ìlú jù kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ kò lọ, bí kò ṣe pé kò gbọ́ ẹni tí ó dá a lóhùn. Gílóòbù LED, ẹ̀rọ tí ń gba agbára fún fóònù, inverter àti ẹ̀rọ tí ń ṣàkóso iná oòrùn máa ń tú ariwo sórí ìgbì 7 sí 30 MHz bí a kò bá ṣe wọ́n dáadáa. Ọ̀nà ìwádìí rọrùn: a ó fi bátìrì gbé rédíò ró, a ó pa gbogbo iná ilé láti ibi ìpín iná, a ó sì tan wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ariwo yóò fi padà. Bí ariwo kò bá lọ lẹ́yìn tí gbogbo iná ilé ti kú, láti ìta ni ó ti ń wá. Òrùka ní èrè níbí, nítorí ó ní apá méjì tí kì í gbọ́ ohun tí ó wá láti ibẹ̀. Bí a bá yí i, a lè kọ apá wọ̀nyí sí orísun ariwo.

Ariwo lè gba ọ̀nà kejì pẹ̀lú. Bí ohùn oníṣẹ́ bá ń wọnú tẹlifíṣọ̀n tàbí ẹ̀rọ ohùn aládùúgbò, ó yẹ kí ó dín agbára kù kí ó sì wá ìdí rẹ̀. Nínú àgbàlá tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé pọ̀, àlàyé tí a ṣe fún onílé àti àwọn ará ilé kí a tó gbé òpó kalẹ̀ ṣe iyebíye.

Àrá, ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́

Òjò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Tamale ní, láti bí oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún dé oṣù kẹwàá, ìjì àti àrá líle sì máa ń bá a rìn. Kò sí áńtẹ́nà ilé tí ó lè gba mànàmáná tí ó bọ́ lù ú tààrà kí ó má bàjẹ́. Ààbò tí ó dájú jù ni kí a tú okùn kúrò lára rédíò, kí a sì fi í sílẹ̀ lóde ilé kí ìjì tó súnmọ́, kì í ṣe nígbà tí àrá ti ń sán. Bákan náà, a ó ri ọ̀pá bàbà tí ó gùn tó bí mítà 2 mọ́ ilẹ̀, a ó sì so òpó àti awọ okùn mọ́ ọn. Ọ̀pá yìí àti ọ̀pá ilẹ̀ ti iná ilé gbọdọ̀ so pọ̀. Bí wọ́n bá dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mànàmáná yóò gba inú rédíò kọjá láti ọ̀kan sí èkejì.

Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ pupa àríwá máa ń gbẹ tí yóò fi le bí òkúta, ìdènà rẹ̀ sí iná sì ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, a máa ń wọn ìdènà ọ̀pá ilẹ̀ ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ó burú jù, kì í ṣe lẹ́yìn òjò. Eruku ọyẹ́ tí atẹ́gùn ń gbé lu wáyà tún máa ń kó iná jọ sí i lára. Ó lè máa dún bí ohun tí ń dín nínú rédíò, ó sì lè ba ẹ̀rọ ìgbóhùn jẹ́ bí wáyà kò bá ní ọ̀nà sí ilẹ̀.

Ohun tí a lè retí

Tamale kò jìnnà sí ìlà ìdá òòfà ayé, níbi tí agbára òòfà ti dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, pàápàá ní bí oṣù kẹta, ìkẹrin, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá, ionosphere òkè rẹ̀ máa ń dàrú, ohùn á sì máa gbọ̀n. Èyí kì í ṣe àbùkù áńtẹ́nà. Ní ọ̀sán, dipole tí a tẹ̀ pẹ̀lú wáàtì 50 sí 100 yẹ kí ó lè mú ohùn dé Accra àti gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Bí agbára bá kéré, tàbí tí òrùka nìkan bá wà, Morse àti FT8 ń lọ níbi tí ohùn kò dé. FT8, tí Joe Taylor àti Steve Franke gbé jáde ní ọdún 2017, ń lo kọ̀ǹpútà láti fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 15, ní àyè Hz 50 péré, kọ̀ǹpútà ẹni tí ń gbọ́ sì lè mú un jáde nínú ariwo tí etí ènìyàn kò ti lè gbọ́ ohunkóhun.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wúlò ní ọjọ́ ìkún-omi tàbí ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dákú gbọ́dọ̀ ní bátìrì tí oòrùn ń fún ní agbára. Ó gbọ́dọ̀ ní wákàtí àti fíríkúẹ́nsì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jọ yàn ṣáájú, kí ó sì máa dán an wò lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bátìrì wáàtì-wákàtí 240, irú èyí tí ó jẹ́ fóòtì 12 àti ámípíà-wákàtí 20, lè gbé rédíò tí ń jẹ wáàtì 12 nígbà tí ó bá ń gbọ́ fún bí wákàtí 20, kí a tó ka ohun tí ó ń jẹ nígbà tí ó bá ń fọhùn.